Èsì lórí “ìwolẹ̀”: ẹ má fi ilẹ̀ nìkan pe jọ́gíráfì

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, mo kí yín, pàápàá àbúrò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ká yéé pe jọ́gíráfì ní jọ́gíráfì. “Ìwolẹ̀” ni ká máa pè é, kí ẹni tó bá kọ́ ọ sì máa jẹ́ “awolẹ̀”. Ó ní ó kúrú, ó dùn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ yín ti kí i kú iṣẹ́, bàbá wa kan tilẹ̀ ti gbàdúrà fún un. Èmi ò ní lè ṣe àmín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì. Wò tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ yóò di ohùn àárín níwájú ilẹ̀, a gbà, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ sórí fóònù bí gbogbo wa ṣe ń kọ nǹkan, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ṣé ìwọlé ni? Ṣé ìwólẹ̀ ni, bí a ṣe ń wólẹ̀ níwájú Ọba òkè? Ṣé ìwọlẹ̀ ni, bí àwọn òrìṣà ṣe wọlẹ̀ tí wọn kò kú? Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó pé “awolẹ̀” lòun, àmì kékeré kan á ṣèèṣì bọ́ sábẹ́ o, àwọn ọmọ á sì máa wò ó bóyá ilẹ̀ máa lanu gbé e mì lójú wọn.

Ìyẹn kéré. Ilẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí onímọ̀ yìí ń bi ayé ni “níbo?”, èkejì ni “kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀, tí kì í ṣe ibòmíràn?” Ilẹ̀ lè wà nínú ìdáhùn, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá.

Lọ́dún 1854, onígbáméjì (kọ́lẹ́rà) jà ní Soho, ní London, ó pa èèyàn tó lé ní 600. Afẹ́fẹ́ tó ń rùn ni ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà rò pé ó ń fà á. Dókítà John Snow ní omi ni. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí olóògbé ti ń pọnmi. Ẹ̀rí rẹ̀ ló mú kí ìgbìmọ̀ àdúgbò yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi Broad Street kúrò ní ọjọ́ 8 oṣù September. Nígbà tó yá, ó fi ìlà dúdú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sàmì sí ilé àwọn òkú lórí máàpù, àwọn ìlà náà sì ṣù jọ yí ẹ̀rọ náà ká. Gbogbo ayé ló mọ apá yẹn. Apá tí wọn kì í sọ ni ìyá àgbà kan ní Hampstead, tó jìnnà sí Soho, tí onígbáméjì pa. Omi Broad Street ló máa ń wù ú mu, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí i nínú ìgò. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó wà nítòsí ẹ̀rọ yẹn gan-an kò sì kú, nítorí ọtí tí ọ̀gá wọn ń fún wọn ni wọ́n ń mu. Ẹ bá mi bi àbúrò wa: tí awolẹ̀ bá wo ilẹ̀ Hampstead dalẹ́, kí ni yóò rí?

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé, kí wọ́n má wí pé òyìnbó nìkan ni mò ń tẹ̀ lé. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tí sòbìà, aràn tó ń gba ẹsẹ̀ yọ, mú ní nǹkan bí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní Ìdèrè nígbà yẹn, tàbí ibòmíràn ní Ìbàràpá, mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí ó mú á ki ẹsẹ̀ tó ń ta á bọ omi kára lè tù ú, aràn náà á pọ ọmọ sómi, kòkòrò tíntìntín inú omi á gbé ọmọ náà mì, ẹni tó bá sì mu omi yẹn láìsẹ́ ẹ á gbé e kiri fún bí ọdún kan kó tó yọ. Wàyí o, ẹ bi aláìsàn náà pé níbo ló ń gbé. Á dárúkọ agboolé bàbá rẹ̀ láàárín ìlú, láìpurọ́. Ṣùgbọ́n abà ló ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin rẹ̀, odò abà ló ń mu, ìnáwó tàbí ìsìn ló ń gbé e wálé. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ilé lọ́tọ̀, abà lọ́tọ̀? Máàpù tó bá ti fo abà ti fo sòbìà. Abúlé dé abúlé, odò dé odò, ni wọ́n fi wá a kàn, títí tí ẹni tó kẹ́yìn fi ní in lọ́dún 2008, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Àbúrò wa sọ pé ṣebí a ní wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń yẹ ilé wò, kí ló dé tí a kò lè ní awolẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ta ló jókòó sípàdé dá wolé-wolé sílẹ̀? Àwọn tó ń sá fún wọn ló sọ wọ́n lórúkọ. Tí ìyá wa àgbà bá ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ láti apá ọjà Akẹ̀sán, kíá ni yóò ti yí àmù dànù, omi á ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọkùnrin oníkákí yẹn á bẹ̀rẹ̀, á ju iná tọ́ọ̀ṣì sínú àmù. Tó bá rí tanwíji tó ń jó nísàlẹ̀, ìwé kóòtù dé nìyẹn. Àmù ló wò o, kò wo ògiri. Àwọn àgbà ìgbà yẹn mọ èdè débi tí orúkọ kì í le wọ́n lẹ́nu. Àwa la ń fi àkíyèsí gírámà bí ọ̀rọ̀ tí kò lè rìn.

Ọ̀gá wa tó ní òun ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lọ́yà ní tiwọn sọ pé ilẹ̀ nìkan ni òfin mọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wígì yín, sà, ṣùgbọ́n ẹ tún un sọ. Òfin ilẹ̀ 1978 ti kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, nítorí náà ẹ̀tọ́ láti wà níbì kan ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń jà sí báyìí. Ẹ̀yin náà ló sì mọ ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, 1976, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Kí ni ìkarùn-ún? Pé èèyàn ń lo ilẹ̀ tó bá a pààlà, débi tó fi dà bí ẹni pé òun náà ló ni èyí tí wọ́n ń jà sí. Aládùúgbò ló ń jẹ́rìí fún ibẹ̀! Tí olùpẹ̀jọ́ kò bá sì lè fi ibi tí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn kedere, ẹjọ́ rẹ̀ wọ́. Pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà dára, ṣùgbọ́n adájọ́ lè béèrè plánì, ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n. Àwa tí a ń gbé Ọ̀yọ́ kò ṣàjèjì sí èyí: iléèwé ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ń wọnlẹ̀, tó ti wà láti 1908, ọ̀dọ̀ wa ló wà.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló tilẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ lòdì sí “ìwolẹ̀”. Kí ló kó àwọn oníṣòwò yín dé àríwá Gánà tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan lọ, ó pe àbúrò, àbúrò pe ọmọ ilé kan náà: èèyàn ló fà wọ́n lọ, kì í ṣe ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà lé wọn ní 1969, ojúlé tí wọn ò rí rí ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń pè ní ilé. Irú rẹ̀ gan-an, bí èèyàn ṣe ń kúrò lóko lọ sígboro, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ní Ìbàdàn, òun tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé.

Ìyá wa tó dábàá “ìmọ̀ ibi” sún mọ́ ọn jù gbogbo yín lọ, mà. Ṣùgbọ́n ibi àti ibi, ohùn kan náà ni. Ọmọ á wá délé, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, á ní ìmọ̀ ibi ni òun gboyè nínú rẹ̀.

“Ìmọ̀ sàkáání” ni mo fi síwájú yín. Ibi wà nínú rẹ̀, aládùúgbò wà nínú rẹ̀, abà náà kò sì bọ́ síta. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní “àyíká” ti wà. Àyíká ń fẹ́ ẹni tí yóò yí ká, sàkáání kò fẹ́. Tí ẹ ò bá gbà, ẹ jẹ́ ká máa pe jọ́gíráfì ní jọ́gíráfì, kò pa ẹnikẹ́ni.

Èyí tí àbúrò wa fi kún un pé ará Ọ̀yọ́ kò lè pe “ṣ”, mi ò dáhùn lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ́yà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ “àlà ilẹ̀”. Aṣọ funfun Ọbàtálá ni àlà. Ààlà la fi ń pín ilẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé méjèèjì tọ̀nà, ẹ mú un wá láti ẹnu àgbẹ̀, ẹ má mú un wá láti inú ìwé àdéhùn tí akọ̀wé yín tẹ̀.