Báwo ni mo ṣe lè to orúkọ ẹni tí a óò pè láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ti ṣètò òṣìṣẹ́ rí, ẹ gbà mí. Àwa mẹ́sàn-án la wà níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa kọ orúkọ ẹni tí a óò pè bí ẹnì kan kò bá lè wá. Mo pín in ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ó tọ́, àbí? Ẹnì kan lo ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ láìgbọ́ ìpè kankan. Ẹni tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mẹrin la pè é, ọ̀kan níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àìkú. Ó ti ń yàn mí lódì báyìí, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Mo ń rò ó pé kí n máa ka iye ìpè dípò ọ̀sẹ̀: ẹni tí a bá pè tó sì wá, orúkọ rẹ̀ á bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣé ó yẹ kí ìpè òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ méjì? Ẹni tí kò gbé fóònù rẹ̀ ńkọ́, ṣé kó ṣì wà lókè ni? Ìyá ọmọ jòjòló kan tún wà láàárín wa, ẹ̀rù ojúsàájú sì ń bà mí. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?