Sẹ́ńsọ̀ orí bébà tí mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ kò gba kíká: mo ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, mo kí yín o. Láti Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo fẹ́ ṣe sẹ́ńsọ̀ pẹlẹbẹ tí yóò máa fi bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó hàn nínú àpò kòkó gbígbẹ bàbá mi, nítorí pé kòkó tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kì í pẹ́ bu.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson àlòkù ni mo ń lò, torí pé kì í se tàdáwà kó tó tu ú jáde. Mo bu tàdáwà tó ní fàdákà, tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá, sí i, mo sì tẹ ìlà bí eyín ìyarun méjì tó wọnú ara wọn. Lórí bébà lásán, tàdáwà náà rì wọnú bébà, iná kò sì kọjá rárá. Lórí bébà dídán tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, mítà mi ka ohm 4 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), ṣùgbọ́n nígbà tí mo ká a lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó ti di 60. Mo tilẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ (ìyàwó mi ní aṣọ òun ni kí n kọ́kọ́ lọ̀), síbẹ̀ ìlà náà ṣì ń sán níbi tí bébà ti ṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi bo ojú ìlà náà tí kò fi ní sán, tí kò sì ní dí ọ̀rinrin lọ́nà láti dé ibi eyín ìyarun yẹn? Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni?