Fíìmù wo ló dùn mọ́ yín jù, èwo ló já yín kulẹ̀? Tèmi rèé

Télọ̀ Òkè-Fìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ fíìmù pè. Télọ̀ ni mí l'Óṣogbo, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló sì máa ń yan ohun tá a máa wò. Bí mo bá ń gé aṣọ lọ́wọ́, etí ni mo fi ń wò ó. Ó di ìgbà tí mo bá ń gán etí aṣọ kí n tó gbójú sókè.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé èmi nìkan ni Aníkúlápó dùn mọ́ títí dé ìdajì, tó wá sú mi?

Nígbà tó jáde lórí Netflix lọ́dún 2022, oníbàárà mi kan kò jẹ́ kí n gbádùn, àfi kí n wò ó. Mo ra dátà, a wò ó lálẹ́ Sátidé, wákàtí méjì ó lé ogún ìṣẹ́jú. Ahunṣọ ni Sàró inú ẹ̀ o! Iṣẹ́ aṣọ òfì ló mọ̀ kó tó wọ Ọ̀yọ́, kì í ṣe idà, kì í ṣe oògùn. Inú mi dùn gan-an. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin hunṣọ ní Ìṣẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì máa ń lo ọlidé. Òwú á gùn lọ níwájú rẹ̀ bí ojú ọ̀nà, wọ́n á so ìdí rẹ̀ mọ́ igi lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé òkúta lé igi náà kí òwú má bàa dẹ̀. Bó bá ṣe ń ju ọ̀kọ̀ òfì látọ̀tún sósì, tó ń hun ún, bẹ́ẹ̀ ni òkúta yẹn á máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwa ọmọdé á fi èédú sàmì sílẹ̀ láàárọ̀ ká lè mọ ibi tí yóò wọ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ti jókòó pé irú ẹ̀ ni màá rí. Fìrí báyìí ni mo rí òfì. Obìnrin dé, olorì dé, ẹyẹ àkàlà dé, ó parí! Mi ò ní kí Sàró má fi agbára ẹyẹ yẹn jí òkú. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ká ní wọ́n jẹ́ ká rí i dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ tó kọ́, ìbá dùn wá nígbà tó pa á tì tó lọ ń ṣe fáàrí lórí agbára tí kò kọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Nígbà tó kú, ọmọ iṣẹ́ mi kan kàn ní "ó tó sí i". Àwòrán rẹ̀ rẹwà o, mi ò ní parọ́. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sì ṣe Awárun, olówó obìnrin inú ẹ̀, débi pé oníbàárà kan wà tí àwọn ọmọ yìí ń fi orúkọ yẹn pè lẹ́yìn.

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù lọ, ìranù ni mo kọ́kọ́ pè é: Saworoidẹ ti Túndé Kèlání. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà yẹn, ọ̀gá mi gbé e sí fídíò, mo sì sùn lọ. Kò sẹ́ni tó pọ iná lẹ́nu, kò sẹ́ni tó fò. Àgbà ti ń dé kí n tó tún un wò. Ọba tó bá kọ̀ tí kò búra, tó wá dé adé idẹ, bí wọ́n bá lu ìlù saworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Gbogbo fíìmù yẹn, etí ni wọ́n ṣe é fún! Ó bá mi lára mu. Ọdún 1999 tí sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ló jáde, sọ́jà kan tó ń jẹ́ Lágàta sì wà nínú ẹ̀ tó gba adé. Mo sùn mọ́ gbogbo ìyẹn.

Èyí tó já mi kulẹ̀ jù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìtàn ayé ijọ́un ni, kí òyìnbó tó dé. Ayaba yíjú padà, ó ń wọlé lọ. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi dá a padà sẹ́yìn. Síìpù ni.

Akin Gidi:

Hahaha, síìpù! Bọ̀dá Télọ̀, ẹ kú ojú iṣẹ́. Àmọ́ mi ò gbà fún yín lórí Aníkúlápó. Ìtàn ìgbéraga ni, kì í ṣe ìtàn aṣọ. Bí wọ́n bá fi ogún ìṣẹ́jú hunṣọ, gbogbo wa la máa sùn bí ẹ ṣe sùn mọ́ Saworoidẹ. Ẹ lọ wo Jagun Jagun. Lateef Adédiméjì pa iṣẹ́ níbẹ̀!

Ìyá Ìbejì Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ni Ẹlẹ́ṣin Ọba. Wọ́n fi eré Ṣóyínká yẹn kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní Gẹ̀ẹ́sì, mo há a sórí kí n lè yege, kò yé mi rárá. Biyi Bandele tó ṣe fíìmù náà kú lóṣù kẹjọ ọdún 2022, kí ayé tó rí i. Nígbà tí mo gbọ́ Ọdúnládé Adékọ́lá tó ń fi Yorùbá sọ ọ́, mo pa abọ́ tí mò ń fọ̀ tì. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ mi ń kà. Táyé bi mí pé kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ẹ̀rín náà ti lọ.

Èyí tó já mi kulẹ̀? Gbogbo èyí tí wọ́n bá ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Télọ̀ Òkè-Fìà:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ kí n fi t'Òṣogbo ṣakọ díẹ̀: Dúró Ládípọ̀ wa níbí ti fi Yorùbá ṣe ìtàn yẹn, Ọba Wàjà, lọ́dún 1964. Ọdún 1975 ni tí Ṣóyínká jáde.

Akin, àbúrò mi, mo ti wo Jagun Jagun. Ìjà yẹn pọ̀ jù fún mi, àmọ́ Gbọ́tìjà tó ń bá igi sọ̀rọ̀, òun ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Igi yẹn kò kúrò lára ẹ̀! Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún Sàró náà nìyẹn. Ta ló ní ogún ìṣẹ́jú? Ìṣẹ́jú kan péré, kí òkúta yẹn wọ́ bọ̀ díẹ̀.

Ọmọ Ẹdẹ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárúkọ fíìmù síìpù yẹn jọ̀ọ́. A ò ní sọ fún ẹnì kankan.

Télọ̀ Òkè-Fìà:

Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó rán aṣọ yẹn lè máa ka èyí lọ́wọ́. Mo sì tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta, síìpù náà jókòó dáadáa, kò wọ́ rárá.