Ẹ̀gbọ́n, "ìwúlé awọ oníkun" kọ́ o, ẹnu ọmọ bó ni

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará,

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń sọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fi pe àìsàn ẹnu kan nínú ìwé ìléwọ́ ọsibítù, mo sì ti ní n ò ní dá sí i, àfi bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe gbé "ìwúlé awọ oníkun ẹnu" dé pé ká máa fi pe mucositis, ìyẹn nǹkan tó máa ń ṣe ẹnu àwọn ọmọ tó ń gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ tú u wẹ́wẹ́ ni, ẹ wá ikun fún apá kan, ẹ wá ìwúlé fún apá kejì, ẹ rán an pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ "oníkun" tí ọkàn ẹ̀ ò ní lọ sí imú? Àti pé báwa náà ṣe máa ń tẹ nǹkan láìfi àmì sí i yìí, ìyá tó bá rí "awo onikun" nínú ìwé ọsibítù á ní ikùn ló ń dun ọmọ òun, ẹlòmíì á ti máa wá ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri.

Ọdún 11 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, n ò gbọ́ ọmọ kan kó ní ẹnu òun wú. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni "ẹnu ń ta mí", pàápàá tí wọ́n bá jẹ ata tàbí ọsàn. Tó bá wá tó bí ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn, wọ́n á ní "ẹnu mi ti bó". Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni! Kẹ́mò ò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀, ohunkóhun tó bá ń yára dàgbà lára ló ń pa, awọ inú ẹnu sì wà lára àwọn tó ń yára pààrọ̀ ara wọn jù, torí náà èyí tó wà lókè á ṣí kúrò, tuntun tó yẹ kó rọ́pò ẹ̀ ò tíì yọ. Kí la tún ń pè ní bíbó?

Àwọn tó ní ká kúkú lo "egbò ẹnu", mo gbà pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Egbò, fífọ̀ ló ń mú wá sọ́kàn. Ìyá kan rí i nínú ìwé tí wọ́n fún un pé "ẹ fọ egbò ẹnu ọmọ dáadáa", ló bá fi òwú we ìka, ó ń ha inú ẹnu ọmọ náà láàárọ̀ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ kẹ́mò ti dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù lára ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ò sì tètè dá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò níyọ̀ jù ni wọ́n fẹ́ kó lò o! Àwọn tó ní ká pè é ní èfù ńkọ́? Èfù ní tiẹ̀, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì húkàsì ló ń fà á, ó máa ń funfun, nystatin la sì ń kán sí i. Ó lè wá bá ọmọ tí ẹnu ẹ̀ ti bó, àmọ́ tá a bá sọ méjèèjì lórúkọ kan, oògùn èfù ni wọ́n á máa rà ṣáá.

Ọ̀rọ̀ àǹtí tó ní "bíbó" ń rán òun létí àwọn tó ń bóra, hẹn, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó lóòótọ́ nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tá a bá ti fi "ẹnu" síwájú, kò sẹ́ni tó máa rò pé ìpara ni.

Ibi tí mo ti gbà pé wọ́n mú mi ni ti òṣùwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe le tó, tó lọ láti 0, ìyẹn kò sí nǹkan kan, dé 4. Ní 1, ẹnu kàn pọ́n ni, ó ń dunni, kò tíì bó. Ní 2 ojú egbò ti wà àmọ́ ọmọ ṣì ń jẹun, ní 3 ohun mímu nìkan ló lè gbà, ní 4 kò sóhun tó lè gba ẹnu wọlé rárá. Mo rò pé ká pe 1 ní "ẹnu títa", ká wá fi "ẹnu bíbó" pe 2 dé 4. Ẹ tún un ṣe tí kò bá dáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tún ìwé ìléwọ́ náà kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì kúrò lórí "itọ́" àti "ìtọ̀". Doxorubicin, oògùn kẹ́mò tó pupa yẹn, máa ń mú ìtọ̀ ọmọ pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sí ewu níbẹ̀. Èyí tí mo rí kẹ́yìn, "ito omo le pon, e ma beru" ni wọ́n kọ. Tó bá wá jẹ́ itọ́ ẹnu ọmọ ló pọ́n ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, kí ìyá ẹ̀ sáré gbé e wá ni.