Ahéré ìgbafẹ́ kékeré ní Ẹ̀pẹ́: èló ni kíkọ́ ẹ̀, èló sì ni ìtọ́jú ẹ̀?

OmoEpe_77
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. A ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú ní Ẹ̀pẹ́, bàbá wa ló fi sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nìkan la ń gbìn síbẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ ahéré kan síbẹ̀ tí kò ní ògiri, òpó mẹ́fà, òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ, ibi téèyàn mẹ́jọ lè jókòó sí, kí ìyá mi ríbi gbatẹ́gùn tá a bá lọ síbẹ̀ ní Sátidé, káwọn ọmọ náà kúrò nídìí fóònù. Káfíńtà kan pe owó kan, èkejì pe ìlọ́po méjì ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tó fa ìyàtọ̀. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ìtọ́jú o, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ iye tí wọ́n fi kọ́ tiwọn, wọn kì í sọ iye tó ń jẹ lẹ́yìn náà.

Onigi_Badagry
Ẹ kú ìmúra. Ẹsẹ̀ òpó àti òrùlé ni owó yín máa lọ sí, ìyókù ò tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá kàn ri òpó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ikán á bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí táá fi jẹ ẹ́ dénú. Báwa ṣe ń ṣe é ni pé a máa da kọnkéré, kó yọ sókè ilẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan, a ri irin sínú ẹ̀, òpó á wá jókòó sórí irin yẹn, igi ò ní fara kan erùpẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé símẹ́ńtì ti di nǹkan míì látìgbà tó ti fò kọjá 10,000 náírà lápò kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ lẹ ti máa ṣọ́wó ná o. Ìrókò dáa, owó ẹ̀ ló ga. Tíìkì tó gbó náà ń ṣe é, àárín igi tó dúdú yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè, torí funfun etí ẹ̀ ikán ń jẹ ẹ́ bí iṣu ni. Tó bá jẹ́ ọparun lẹ máa lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé èyí tó ti lò tó ọdún mẹ́ta sókè, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí oúnjẹ pọ̀ nínú ọparun tútù, òun ni kòkòrò ń wá tó fi ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Aduke_Oyo
Òrùlé ewé kì í ṣe ohun téèyàn máa kọ́ kó gbàgbé. Ní Ọ̀yọ́ tiwa, ọdún Bẹ̀rẹ̀ wà láyé àtijọ́, táwọn ìlú máa ń kó koríko bẹ̀rẹ̀ wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe, ààfin gan-an nìyẹn o, mélòó mélòó ahéré yín. Imọ̀ ọ̀pẹ lágbègbè olójò bíi tiyín yẹn, ọdún méjì sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa fọkàn sí. Ẹ jẹ́ kí òrùlé dà dáadáa, 45 digíríì ó kéré tán, kí omi má dúró. Ẹ má kọ́ ọ sábẹ́ igi ńlá, ewé tí kì í rí oòrùn kì í gbẹ, ó máa rà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀dù àti àsun ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀.

Kunle_Ib
Ẹ ò ṣe kan paánù kẹ́ ẹ fi ewé bo orí ẹ̀? Ewé rà, ilé ò jò, wàhálà tán.

Onigi_Badagry
@Kunle_Ib, ọ̀pọ̀ ń ṣe é, mo sì ti kọ́ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn rí, àmọ́ tí ewé bá lẹ̀ mọ́ paánù, atẹ́gùn ò ní gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, kíá ló ń rà. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí àyè wà. Ooru paánù náà wà ńbẹ̀ o, màmá ni wọ́n sì ń kọ́ ọ fún.

OmoEpe_77
Ẹ ṣé gan-an. Ta ló wá máa mójú tó o? Oṣù kan lè kọjá ká má débẹ̀.

Aduke_Oyo
Ẹ wá ará abúlé kan nítòsí tẹ́ ẹ máa fún lówó díẹ̀ lóṣooṣù, kó máa roko yí i ká, kó máa gbá ewé tó já kúrò, kó sì máa wo ẹsẹ̀ kọnkéré yẹn, torí ikán lè fi erùpẹ̀ ṣọ̀nà gba ara ẹ̀ gòkè.

Onigi_Badagry
Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n ya ìdá kan nínú márùn-ún owó tí wọ́n fi kọ́ ọ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, tó bá fi máa tó àkókò àtifi ewé tuntun bò ó, owó ti wà ńlẹ̀. Àwọn káfíńtà méjèèjì yẹn, ohun kan náà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: ṣé kọnkéré wà nínú owó tẹ́ ẹ pè, ṣé ẹ fún ọparun lóògùn, báwo ni ewé yẹn ṣe máa ki tó, ta ló ń san owó ọkọ̀? Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé ẹni tó pe owó kékeré ò ka kọnkéré mọ́ ọn.