Afẹ́fẹ́ gbé àgọ́ ìwòràwọ̀ mi lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Newcastle ni mò ń gbé. Mo fẹ́ lọ bá àwọn tó ń wo ìràwọ̀ pàgọ́ ní igbó Kielder, ní Northumberland. Láti 2013 ni wọ́n ti ń dáàbò bo òkùnkùn ojú ọ̀run níbẹ̀, àmọ́ n kò sùn síbẹ̀ rí.

Mo ra àgọ́ alágbèéká kan, irú èyí tí kò lórùlé, tí a máa ń gbé tẹlisíkóòpù sí láàárín. Mo pa á sẹ́yìn ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, afẹ́fẹ́ bá gbé e sọ sínú ọgbà aládùúgbò. Ìyàwó mi ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé èèkàn gígùn ni kí n rà, àbí kí n fi àpò iyanrìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?

Ìràwọ̀ Àríwá, tí a fi ń to tẹlisíkóòpù, kò dà mí láàmú. Ní Ìbàdàn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Níhìn-ín ó ga tó ìwọ̀n dígírì 55 sókè ilẹ̀, ògiri àgọ́ kò lè bò ó. Ìrì ni wàhálà mi! Kí wákàtí kan tó pé, ìrì ti bo gíláàsì tẹlisíkóòpù. Ṣé bátìrì 12 fóltì kan lè gbé okùn amúgbóná tó ń lé ìrì àti ẹ̀rọ tó ń yí tẹlisíkóòpù di ìdájí?

Mo tún gbọ́ pé tọ́ọ̀ṣì pupa nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ lálẹ́, kí iná funfun má bàa ba ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára jẹ́. Tí ọmọ bá fẹ́ tọ̀ lóru, tí mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, tí iná inú rẹ̀ tàn wàì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?