Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè fi gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kékeré sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ẹ kú ilé o. Ìwádìí lórí bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè ni mo ń ṣe, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó pé oṣù 26 ni mo fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti rí fóònù lọ́wọ́ mi báyìí, á pa ẹnu mọ́, á wá fẹ́ gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, má mú un lọ́wọ́ rárá. Èmi gbé rẹ́kọ́dà kékeré sórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́rin láì tẹ̀ ẹ́, títí ojú wọn fi mọ́ ọn. Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́, wọn ò bojú wò ó. Má sì máa bi í pé "Kí lèyí?" Orúkọ nǹkan nìkan ni wàá gbọ́. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ jọ ṣeré, kí o sì dákẹ́. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni Kẹ́hìndé sọ fún ọmọláńgidi rẹ̀ pé, "Má sunkún mọ́, màmi ń bọ̀." Ìbéèrè wo ló lè mú irú gbólóhùn yẹn jáde?

Olùkọ́ Èdè: Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Irú fáìlì WAV ni kí ẹ yàn lórí rẹ́kọ́dà, kì í ṣe MP3 tó ń fún ohùn pọ̀; ẹ tò ó sí 44.1 kHz, bit 16. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ LENA náà wà, tí wọ́n ń fi sápò aṣọ ọmọ, tó ń gba ohùn fún wákàtí 16, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì ní bá yín kọ ohun tí ọmọ wí. Rẹ́kọ́dà kékeré tó yín. Ẹ pa fáànù, kí ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré. Bí ohun ìṣeré bá ń kan ilẹ̀ gbàgà, á bo ohùn ọmọ mọ́lẹ̀. ELAN, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ó fi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo CHILDES, àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé fún ìwádìí, tí Brian MacWhinney àti Catherine Snow dá sílẹ̀ ní 1984, kí ẹ rí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kọ tiwọn.

Bàbá Àbúrò: Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kọ́kọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Kí ẹ sì kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tọ́mọ bá ní "bá," tó ń nawọ́ sí bọ́ọ̀lù, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ "bá" lásán lẹ ó gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Mo gbé rẹ́kọ́dà sórí pẹpẹ láàárọ̀ yìí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sídìí eré rẹ̀. N kò tíì tẹ̀ ẹ́.